Ohun Tí Ilé Bá Fún Mi

Ẹni tó bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ilé Ìlàjẹ, kó má wulẹ̀ wá a lọ sọ́nà jíjìn. Ẹnu Màmá Adébùnmí ló jẹ̀bi. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, á fi ìdí ńlá rẹ̀ kún àga bámúbámú, á ní, "Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Tèmi tún burú ju ti ẹyẹ lọ, nítorí ẹyẹ a máa dákẹ́ tílẹ̀ bá ṣú." Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibì kan nínú ìtàn náà, ẹ̀rín náà á dá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Látífàt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ká káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, kọ́ ilé kan sí Ìlàjẹ ní Bariga, létí ọ̀sà. Ilé olójúkojú ni, yàrá ń wo yàrá lójú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á láàárín, èéfín ẹja sì ti kun ògiri rẹ̀ dúdú. Nígbà tí ara Látífàt kò gbé Èkó mọ́, Ràmọ́nù ọmọ rẹ̀ wá láti Ìlọrin láti wá gbé e lọ. Kí Látífàt tó wọ mọ́tò, ó mú Adébùnmí lọ sí ilé náà, ó fi í han àwọn ayálégbé, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ níwájú ilẹ̀kùn ìta.

"Bùnmi, gbígba owó ilé, títún páànù ṣe, pípa ìjà, gbogbo rẹ̀ ti dọwọ́ rẹ. Èló ni kí n máa yọ fún ọ?"

Gbogbo wa la mọ bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn. Kì í dárúkọ iye. Á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí wọ́n bú, á ní ṣé owó ló wà láàárín wa ni. Ẹnì kejì á bẹ̀ ẹ́. Á tún kọ̀. Wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, nígbà náà ni yóò wá dárúkọ iye tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná, bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Adébùnmí mọ ijó náà jó. Ó fọwọ́ ti òpó ilẹ̀kùn, ó yọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní:

"Látífàt, o fẹ́ bú mi ni? Ṣé owó ló wà láàárín wa? Ohun tí ilé bá fún mi ni n óò gbà."

Ó wá ń retí kí wọ́n bẹ òun. Látífàt, tó mọ owó ju bí ológbò ṣe mọ ẹja lọ, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kíá ló ní, "Mo gbà. Ọlọ́run á san án fún ọ, àlùbáríkà!" Ó wọ mọ́tò ọmọ rẹ̀, ó di Ìlọrin.

Adébùnmí dúró síbẹ̀ bí ẹni tí adìyẹ bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín ara rẹ̀ ti fẹ́ máa pa á, àfi bó ṣe kíyè sí òpó tó fọwọ́ tì. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, gbogbo nǹkan ló tutù, ṣùgbọ́n igi náà ń gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Rédíò tó ń ké ní yàrá ẹ̀yìn dákẹ́. Èéfín tó ń jáde nídìí ààrò ẹja dúró sójú kan, kò gòkè, kò sọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn wá dún lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni rédíò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ọ̀sà ni," Adébùnmí sọ fún ara rẹ̀. Ó yọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìró, ó wá kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa orúnkún Adébùnmí. Láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ìjọ Onítẹ̀bọmi ni orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Tó bá fẹ́ jókòó, á ké *kọ́*, á sinmi, á wá ké *kàà*. Tó bá fẹ́ dìde, bákan náà. Ó máa ń sọ pé orúnkún òun ń jẹ́rìí nínú ìjọ ju àwọn díákónì lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí Látífàt lọ, Adébùnmí jí, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dìde. Ó tún bẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá bí ọmọ tó fẹ́ ṣu sí gbàgede. Orúnkún dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìgbà tí Oyinkọ́lá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, máa wọ kíṣìnnì, màmá ti ń jó láàárín ìkòkò.

"Màmá, ẹ rọra o! Ẹ ò ní ẹsẹ̀ mìíràn nípamọ́."

"Gba ibẹ̀ jàre! Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Wá ọkọ fún mi."

Nígbà tí ó padà lọ sí Ìlàjẹ láti lọ wo páànù tó ń jò, ó bá Raphael lórí àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Raphael ni ayálégbé yàrá àkọ́kọ́, apẹja láti etíkun Òndó, ọkùnrin tí apá rẹ̀ tó ìtì igi, tó sì máa ń dá ọkọ̀ ojú omi gbé kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà lójú omi, òun jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Raphael, kí ló dé? Ẹja ti ń san owó orí ni, tí o fi wọ́n sílẹ̀?"

"Màmá, ẹsẹ̀ ni o. Ọjọ́ tí màmá onílé lọ gan-an, mo gbé ọkọ̀, kò sí nǹkan kan. Mo jí lọ́jọ́ kejì, orúnkún ò gbé mi mọ́. Mi ò ṣubú, mi ò gbá bọ́ọ̀lù. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé…"

"Bí ẹni pé wọ́n ń fi ṣíbí ha inú eegun," Adébùnmí bá a parí rẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀.

Raphael wò ó. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, màmá. Ẹ ṣe mọ̀?"

Ó fẹ́ dìde kí ó lè kí i dáadáa. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó gbé ara sókè. *Kọ́*. Ó sinmi. *Kàà*.

Orí Adébùnmí wú. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Òun ni. Ìyá kì í ṣi igbe ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ó ṣe máa ṣi ohùn yẹn mọ̀, ohùn tó ti ń bá a jí, tó ń bá a lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Orúnkún òun ló ń ké nínú ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí.

Ó sọ fún Raphael pé kó fi àdí pa á. Ó sì lọ sílé, ó tan ara rẹ̀ jẹ. Ta ni kì í tan ara rẹ̀ jẹ tí ara bá ń tù ú? Ó ń gun àtẹ̀gùn ìjọ láìdi ohunkóhun mú. Ó ń rìn láti Bajulaiye dé Onipanu, ó ń bú àwọn tó jókòó sínú mọ́tò. Tí ó bá rántí Raphael, á yára ronú nǹkan mìíràn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ rin. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtọ̀ ni, ó fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín: àgbà ti dé nìyẹn. Ó tan iná. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá kí wọ́n tó bí Oyinkọ́lá. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo aṣọ náà, ó ní, "Ta ni yín? Ẹ ti ṣì'lé." Ó ní láti lọ ra páàdì, ọmọbìnrin tó ń ta á sì fi ẹ̀rín músẹ́ bi í pé, "Màmá, ṣé fún ọmọ-ọmọ yín ni?"

"Fún ìyá ńlá rẹ ni!" Adébùnmí dá a lóhùn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ohun eré. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Olúwafimíhàn, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣómólú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà pẹ́ lórí ohun tó rí. Ó jáde, ó wọlé, ó tún bi í lọ́jọ́ orí.

"Màmá, mi ò rí àìsàn kankan. Ohun tí mo rí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Inú yín dà bí inú ọmọge." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. "Ó dà bíi pé kì í ṣe tiyín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ajá títí ó fi dé Ìlàjẹ. Kò tíì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán tí Níní, ìyàwó Raphael, fi sáré jáde nídìí ààrò, eérú lójú, ẹja lọ́wọ́, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé láti ìgbà tí Níní ti wọlé ọkọ ló ti ń wá ọmọ. Kò sí òkè àdúrà tí kò gùn.

"Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Mi ò rí nǹkan oṣù mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó yẹ kí n rí i lọ́jọ́ Ajé tó kọjá yìí. Èmi tí kì í yẹ̀! Ẹ wò ó, kò yọjú rárá."

Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ni Adébùnmí jí bá ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Níní dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún ayọ̀ sí i lọ́rùn. Ohun tó wà nínú ikùn Adébùnmí sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹran ọ̀sìn tó gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dá.

Ọ̀rọ̀ náà yé e nígbà náà, kedere bí ọ̀sán. *Ohun tí ilé bá fún mi ni n óò gbà.* Ilé kì í tẹ owó. Ilé kò ní oko. Kí ni ilé ní, bí kò ṣe àwọn tó ń gbé inú rẹ̀? Iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ilé ń san án fún un lára wọn. Kò sí oyún nínú Níní. Ohun tó máa di oyún ni wọ́n ti kó fún un, òun ìyá arúgbó tí ọkọ rẹ̀ ti sùn sí itẹ́ òkú Àtàn tipẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí òun bá ń gbà á, Níní kò ní bí.

"Níní ọmọ mi," ó ní, "ṣé o ti lọ ṣe àyẹ̀wò?"

"Ìyá àdúrà wa ní kí n má tíì jẹ́ kí ojú ayé rí i. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún lẹ́yìn Raphael. Ọwọ́ yín tutù, màmá."

Nígbà tí Níní padà sídìí ààrò, Adébùnmí fọwọ́ ti òpó ilẹ̀kùn. "Mi ò gbà mọ́," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Gbà á padà. Mo ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́." Igi náà tutù síbẹ̀. Àdéhùn tí ẹnu méjì ṣe, ẹnu kan kì í tú u.

Ó gba Onipanu lọ bá Mákánjúọlá, ọkùnrin tó ń bá àwọn onílé mójú tó ilé wọn, tí àkọlé rẹ̀ wà lẹ́bàá títì. Ó bi í pé èló ló tọ́ sí ẹni tó bá ń tọ́jú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́?" Mákánjúọlá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ti ọ̀rẹ́ ló le jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé là ń gbà, onílé ló sì ń san owó àtúnṣe. Ẹ̀yin ẹ bèèrè ìdá méjì, wọ́n á já yín sí ọ̀kan àbọ̀."

"Rárá. Iye tó tọ́ gan-an ni mo ń wá."

"Màmá, ta ló ń wá iye tó tọ́ ní Èkó?"

Kò lè ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n ó ti rò ó. Tí owó náà bá kéré, ilé á bá a fi ara ẹlòmíràn dí àlàfo. Tó bá pọ̀ jù, ta ló mọ ohun tí ilé á wá yọ lára òun tàbí lára Látífàt, kí ìwọ̀n lè dọ́gba?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó padà sí Ìlàjẹ. Oòrùn mú, ọ̀sà ń dán bí abẹ́ ìkòkò tuntun, Raphael jókòó sórí àga gígùn pẹ̀lú orúnkún tí kì í ṣe tirẹ̀. Níní ń kọrin nínú yàrá. Adébùnmí fọwọ́ òsì ti òpó, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pe Ìlọrin. Ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Bí òun bá ṣe é, ohun tó ń mú ọmọbìnrin yẹn kọrin á tú sọ́wọ́ rẹ̀. Bí òun kò bá ṣe é, Níní kò ní fọwọ́ kan ọmọ láéláé.

"Látífàt. Èló lo fẹ́ máa san fún mi?"

"Bùnmi, ṣé àlàáfíà ni? Àbí ìwọ kọ́ lo ní ohun tí ilé bá fún ọ?"

"Èmi ni. Orí mi ò pé lọ́jọ́ náà. Ó ti ń pé bọ̀."

"Kò burú. N óò máa fún ọ lówó ọkọ̀."

Igi tutù. Kò sí nǹkan kan.

"Owó ọkọ̀ kẹ̀! Látífàt, mo fi imú ara mi jẹ òórùn ṣáláńgá rẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, o ń fi owó Màrúwá lọ̀ mí?"

"Ẹ gbà mí! Ó dáa, náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

*Kọ́*.

Kò pariwo, ṣùgbọ́n Adébùnmí gbọ́ ọ nínú ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìrora tẹ̀ lé e, ìdajì, bí ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí kò tíì wọlé. Raphael na ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àga, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

"Fi kún un," Adébùnmí ní. "Látífàt, fi kún un, ó ti ń dùn mí!"

"Kí ló ń dùn ọ́?"

"Má bi mí. Fi kún un!"

"Ṣé ọ̀rẹ́ ṣì ni wá, àbí ìwọ àti àwọn ẹjẹ́ńtì ti jọ mulẹ̀?"

"Nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wá ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí owó àtúnṣe sì wá láti àpò rẹ. Mi ò fẹ́ kọ́bọ̀ lé e."

"Ìdá mẹ́wàá! Bùnmi, o fẹ́ pa mí!"

"Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bá ọ sọ gan-an nìyẹn." Ohùn rẹ̀ já. "Látífàt, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìwé tí a jọ ká. Sanwó fún mi."

Ó jọ pé ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ba Látífàt lẹ́rù, ju owó lọ. Àgùntàn kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìlọrin.

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo gbà."

"Èmi náà gbà."

Òpó ilẹ̀kùn gbóná lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọ ọ́ kíákíá. Rédíò dákẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn gbin, bí ẹni tó ń pọ ohun tó ti jẹ. *Kọ́. Kàà.* Orúnkún Adébùnmí kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìdí jókòó bàm̀ sórí sìmẹ́ńtì, ìrora náà sì wọlé wá pátápátá, ó ń fi ṣíbí ha eegun bó ṣe máa ń ha á. Nínú ikùn rẹ̀, nǹkan kan ti gbẹ, ó ti lọ. Ó tún ti di arúgbó. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń lu ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù.

"Màmá!" Raphael ti dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e sísàlẹ̀, ó fò lẹ́ẹ̀kan. "Màmá, ẹ wò mí! Níní! Níní, jáde wá wò mí!"

Orin ti dá nínú yàrá.

Raphael kò dúró de èsì. Ó ti sáré gba etí omi lọ, ó ń ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Adébùnmí nìkan ló kù nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá àkọ́kọ́ ṣí. Níní dúró síbẹ̀, ó di ìró mú láàárín itan méjèèjì, ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ẹ̀jẹ̀ ti dé kókósẹ̀ rẹ̀.

Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó ti màmá lórí sìmẹ́ńtì bí ọmọdé. Adébùnmí fà á mọ́ra. Ó fẹ́ sọ fún un pé ohun rere ló ń ṣàn yẹn. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó tún gbìyànjú, pé ọ̀nà ti là, pé kò tíì sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa sọ apá kan rẹ̀ ní láti sọ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ó ti lọ," Níní sọ, ó gbé ojú sókè wò ó. "Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ sọ fún mi. Ta ni mo ṣẹ̀, tó fi wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi?"